Fóònù Ìyá Alágbàdo ní Kétu: ohun tí fọ́máàtì gbé lọ, ohun tó ṣẹ́kù

Lásìkò òjò ọdún 2025 ni ìyá kan tó ń ta àgbàdo lọ́jà Kétu, ní orílẹ̀-èdè Benin, gbé fóònù wọn wá bá mi. Fóònù náà ò fọ́, kò bọ́ sómi, iná rẹ̀ ń tàn dáadáa, àmọ́ kò ṣeé lò. Bí a bá ti tàn án, tí a yan èdè, tí a so ó mọ́ Wi-Fi, ojú kan ṣoṣo ló máa ń dúró sí, á sì máa béèrè lédè Faransé pé kí a fi àkáǹtì Google tó ti wà lórí rẹ̀ tẹ́lẹ̀ wọlé. Onítúnṣe kan ti fọ́máàtì rẹ̀, ìyẹn ni pé ó ti nu gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀, kó tó dé ọwọ́ mi.

Mo ń kọ ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ látòkè délẹ̀ nítorí pé irú rẹ̀ pọ̀ lọ́dọ̀ àwa tí a ń tún fóònù ṣe, ní Kétu níbí, ní Pọ́bẹ̀, títí dé Àjàṣẹ́ (Porto-Novo). Ohun tó ń dùn mí níbẹ̀ ni pé púpọ̀ nínú ẹkún tí àwọn èèyàn ń sun lórí rẹ̀ kò yẹ kó wáyé rárá. Ìyá náà mọ̀ pé mò ń kọ ọ́. Wọ́n ní kí n kọ ọ́ kí ó má baà ṣe ẹlòmíì bẹ́ẹ̀. Mi ò ní dárúkọ wọn. Ìyá Alágbàdo ni màá máa pè wọ́n.

Ọmọ wọn ọkùnrin ló ra fóònù náà fún wọn ní Kútọnu, kó tó ṣí lọ sí Libreville ní Gabon láti lọ ṣiṣẹ́. Android ni, kì í ṣe olówó gọbọi. Kí ọmọ náà tó lọ, ó jókòó ti ìyá rẹ̀, ó fi àkáǹtì Google tirẹ̀ sí i, ó gbé WhatsApp sí i, ó kọ́ wọn bí a ṣe ń tẹ àmì ohùn mọ́lẹ̀ kí a tó sọ̀rọ̀. Mi ò dá a lẹ́bi. Play Store kì í gbé áàpù fún ẹni tí kò ní àkáǹtì, ìyá rẹ̀ ò ní ímeèlì, òun náà sì ń kánjú àtilọ. Bí ọ̀pọ̀ ọmọ ṣe ń ṣe é fún òbí wọn nìyẹn. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, kọ́kọ́rọ́ ilé ìyá ti wà lápò ọmọ ní Gabon, àwọn méjèèjì ò sì mọ̀.

Fóònù yìí kì í ṣe ohun ìṣeré fún Ìyá Alágbàdo. Àwọn àgbẹ̀ tó ń kó àgbàdo wá láti ọ̀nà Ìlárá, orí rẹ̀ ni wọ́n ti ń dúnàádúrà. Àwọn oníbàárà láti Pọ́bẹ̀ àti Ìsàkété, orí rẹ̀ ni wọ́n ti ń béèrè iye tí àpò kan ń lọ kí wọ́n tó wọkọ̀. Owó MoMo, ìyẹn owó tí wọ́n ń fi fóònù san, ń wọlé sí i. Ìwé gbèsè wọn náà wà nínú rẹ̀. Ọmọ-ọmọ wọn ló ń bá wọn kọ gbèsè sínú ìwé, bí ọjà bá sì ti tú, á ya fọ́tò ojú ewé ọjọ́ náà, nítorí òjò ti ba ìwé kan jẹ́ rí, gbogbo gbèsè tó wà nínú rẹ̀ sì di àwátì. Ohùn ọkọ wọn tó ti di olóògbé náà wà nínú WhatsApp. Ìyẹn ni wọn ò kọ́kọ́ sọ fún mi.

Ọwọ́ ọmọ-ọmọ yìí kan náà ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀, láìmọ̀ọ́mọ̀ṣe. Àwọn àbúrò rẹ̀ ń fi fóònù ṣeré títí iná rẹ̀ fi ń tán, ló bá fi ìlà tí a máa ń fi ìka fà láàárín àmì mẹ́sàn-án tì í. Ó fà á lálẹ́, ó sùn, nígbà tí ilẹ̀ mọ́ kò rántí mọ́. Wọ́n fà á, fóònù kọ̀. Wọ́n tún fà á, ó ní kí wọ́n dúró fún ìṣẹ́jú àáyá 30. Bí àṣìṣe ṣe ń pọ̀ ni ìdúró náà ń gùn sí i. Ọjọ́ ọjà ni. Ẹni tó bá pe Ìyá Alágbàdo, wọ́n lè dá a lóhùn, ṣùgbọ́n àwọn fúnra wọn ò lè pe ẹnikẹ́ni. Ni wọ́n bá gbé fóònù lọ bá onítúnṣe tó sún mọ́ wọn jù.

Onítúnṣe náà ò béèrè nǹkan kan. Ó pa fóònù, ó di bọ́tìnì iná àti bọ́tìnì ohùn mú pọ̀ títí ojú dúdú kan fi jáde, irú ojú tí ìka ò lè tẹ̀, tí gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì bó tilẹ̀ jẹ́ pé Faransé ni wọ́n ń lò lórí fóònù náà. Ó fi bọ́tìnì ohùn sọ̀ kalẹ̀ dé ibi tí wọ́n kọ "Wipe data/factory reset" sí, ó tẹ bọ́tìnì iná, ó gba 3000 fúráǹkì. Ohun tó ń bí mi nínú kì í ṣe pé ó tẹ̀ ẹ́. Ó tẹ̀ ẹ́ lójú ẹni tí kò lè ka ohun tó wà níbẹ̀, kò sì sọ fún wọn pé gbogbo nǹkan tó wà nínú fóònù ló ń lọ. Ìyá Alágbàdo rò pé ìlà yẹn nìkan ni yóò yọ kúrò. Nígbà tí fóònù wá tàn tó ń béèrè àkáǹtì, ó ní kí wọ́n mú 10000 fúráǹkì sí i wá, òun á bá wọn fọ́ ọ. Àyà wọn já. Aládùúgbò wọn kan ló wá júwe mi fún wọn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí fóònù ń ṣe nígbà tó bá ń béèrè àkáǹtì lẹ́yìn fọ́máàtì, nítorí àwọn èèyàn máa ń rò pé ó bàjẹ́ ni. Kò bàjẹ́. Láti Android 5.1, lọ́dún 2015, ni Google ti fi ààbò kan sínú fóònù nítorí àwọn olè. Apple ti ní irú rẹ̀ ṣáájú, láti iOS 7 lọ́dún 2013. Bí fóònù bá ní àkáǹtì Google lórí, tí a sì tún tì í, tí ẹnì kan wá fi bọ́tìnì fọ́máàtì rẹ̀ láti ìta, fóònù ò lè mọ̀ bóyá onífóònù ni tàbí ẹni tó jí i gbé. Nítorí náà á dúró, á ní kí a kọ́kọ́ fi hàn pé àwa la ni ín. Lórí ọ̀pọ̀ fóònù, ọ̀nà méjì ló ń gbà: àkáǹtì tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, tàbí ìlà tàbí nọ́mbà tí a fi ń ṣí i kí a tó fọ́máàtì rẹ̀. Mo ní kí wọ́n pe ọmọ-ọmọ wọn wá. Ọmọ náà fà á títí omi fi lé e lójú. Kò rántí.

Àwọn kan wà tí wọ́n mọ bí a ṣe ń yọ́ gba ẹ̀gbẹ́ ààbò yìí kọjá, owó ni wọ́n sì fi ń ṣe. Mi ò kì í ṣe é. Ìdí mi ni pé ojú kan náà tí Ìyá Alágbàdo fi wá ni ẹni tó jí fóònù gbé máa fi wá: "Ọmọ ló tì í, mo ti gbàgbé." Bí mo bá ṣí i fún ẹni àkọ́kọ́, kí ni màá sọ fún ẹnì kejì? Mo béèrè páálí fóònù náà. Wọ́n rán ọmọ lọ sílé, ó gbé e dé. Mo wo IMEI tó wà lára páálí, ìyẹn nọ́mbà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí a fi ń dá fóònù kọ̀ọ̀kan mọ̀, mo fi wé èyí tó wà lára fóònù, ó bá ara mu. Ọkàn mi balẹ̀. Síbẹ̀ ọ̀dọ̀ ẹni tó ni àkáǹtì náà la máa gbà, kò sí ọ̀nà míì.

Kí n tó béèrè ẹni tó ni àkáǹtì, mo mú abẹ́rẹ́, mo ti ibi tí síìmù wà jáde. Mẹ́mọ́rì káàdì kékeré kan wà níbẹ̀, èyí tí ọmọ wọn fi sí i nígbà tó rà á. Èyí ló kọ́kọ́ fún mi láyọ̀ lọ́jọ́ náà. Fọ́máàtì tí a fi bọ́tìnì ṣe, inú fóònù ló ń nù, kì í fọwọ́ kan mẹ́mọ́rì káàdì. Ṣùgbọ́n ó ní bí káàdì náà ṣe gbọ́dọ̀ wà. Láti Android 6 ni fóònù kan ti lè sọ káàdì di ara inú rẹ̀. Bí a bá ti ṣe bẹ́ẹ̀, fóònù á fi kóòdù tirẹ̀ ti gbogbo ohun tó wà lórí káàdì, bí a bá sì fọ́máàtì fóònù, kóòdù yẹn bá a lọ nìyẹn, káàdì náà ò ní ṣeé kà níbòmíì títí láé. Mo fi í sínú kọ̀ǹpútà, mo ń retí. Ó ṣí. Káàdì lásán ni, ọmọ wọn ò sọ ọ́ di ara fóònù.

Fọ́tò kún ibẹ̀: àgbàdo nínú àpò, àwọn ọmọ níbi ìsìnkú, ojú ewé ìwé gbèsè ọ̀kan tẹ̀ lé òmíràn. Mo fẹ ọ̀kan lójú. Ìwé aláwọ̀ búlúù ni, bírò pupa, ìka ọmọ wà létí fọ́tò níbi tó ti di ìwé mú kí atẹ́gùn má baà ṣí i. Orúkọ oníbàárà wà lápá òsì, iye àpò láàárín, owó lápá ọ̀tún, ìlà tí wọ́n fi pa á rẹ́ sì wà lórí ẹni tó ti san. Ìyá Alágbàdo tẹ orí síwájú, wọ́n ń fi ìka tọ orúkọ kọ̀ọ̀kan lójú kọ̀ǹpútà, wọ́n ń pe àwọn onígbèsè wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọn ò mọ ìwé kà, ṣùgbọ́n wọ́n mọ ibi tí orúkọ kálukú wà lórí ewé. Mo da gbogbo rẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà kí n tó dá káàdì padà sáyè rẹ̀.

Ìgbà yẹn ni wọ́n tó lè béèrè ohun tó ti wà lọ́kàn wọn látàárọ̀.

"Ọmọ mi, owó mi ńkọ́? Owó tó wà nínú pọ́tábù yẹn, ó ti lọ?"

"Ìyá, ẹ fọkàn balẹ̀. Owó yín ò sí nínú fóònù yìí."

Wọ́n wò mí bíi pé mo ń tàn wọ́n. Mo yọ síìmù wọn, mo fi í sínú fóònù alábọ́tìnì kékeré tí mo fi ń dán nǹkan wò. Mo tẹ *880#, mo gbé e fún wọn kí wọ́n fi kóòdù wọn sí i fúnra wọn, mo yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Iye owó wọn jáde. Wọ́n ní kí n kà á, mo kà á. Wọ́n ní kí n tún un kà. Ọ̀dọ̀ iléeṣẹ́ tó ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni owó MoMo wà, orí nọ́mbà èèyàn ló wà, kódà bí iná jó fóònù, ẹni tó bá ní síìmù rẹ̀ tó sì mọ kóòdù rẹ̀ ṣì ní owó rẹ̀. Ó yẹ kí gbogbo onítúnṣe máa kọ́kọ́ sọ èyí fún àwọn ìyá ọlọ́jà kí wọ́n tó fọwọ́ kan fóònù, nítorí mo ti rí ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ru lórí owó tí kò sọnù.

Ó wá ku àkáǹtì. Ọmọ wọn ló ni ín, ọmọ wọn wà ní Libreville, nọ́mbà rẹ̀ sì wà nínú fóònù tí wọ́n ti nù. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n sórí. Ọ̀dọ̀ àbúrò rẹ̀ obìnrin tó wà ní Pọ́bẹ̀ la ti rí i, lẹ́yìn tí a ti wá nọ́mbà ti òun fúnra rẹ̀ lọ́dọ̀ aládùúgbò. Mo fi WhatsApp mi pè é. Ọmọ náà gbọ́n. Bí mo ṣe ní àkáǹtì Google rẹ̀ ni mò ń wá, ó dákẹ́, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, ẹ fún ìyá mi ní fóònù." Mo gbé e fún wọn. Dípò kí wọ́n ṣàlàyé, oríkì rẹ̀ ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kì, "Àjàní ọmọ mi," wọ́n kì í títí dé ilé bàbá rẹ̀. Nígbà tí fóònù padà sọ́wọ́ mi, ohùn ọmọ náà ti yí padà. Inú mi dùn pé ó kọ́kọ́ yẹ̀ mí wò. Ẹni tó bá sọ ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀ fún gbogbo ẹni tó bá pè é ní ohùn pẹ̀lẹ́, kò ní pẹ́ kó tó kàbámọ̀.

Kò rántí ọ̀rọ̀ aṣínà náà. Ọjọ́ tó ti kọ ọ́ ti pẹ́, fóònù tirẹ̀ kì í sì béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n nítorí pé àkáǹtì náà ṣì ṣí lórí fóònù tó ń lò ní Libreville, ó ṣeé ṣe fún un láti yan òmíràn láti ibẹ̀. Ó yàn án. Mo kìlọ̀ fún un pé a ò ní lè lò ó lójú ẹsẹ̀: Google máa ń fẹ́ kí wákàtí 24 kọjá lẹ́yìn tí èèyàn bá yí ọ̀rọ̀ aṣínà padà, nítorí ohun tí olè náà máa kọ́kọ́ gbìyànjú nìyẹn. Mo ní kí Ìyá Alágbàdo máa lọ ilé, kí wọ́n fi síìmù wọn sínú fóònù kékeré náà kí ọjà má baà dúró.

Nígbà tí a tún jókòó, ọmọ náà ń kà á fún mi, mo ń tẹ̀ ẹ́. Bọ́tìnì Faransé ló wà lójú fóònù, èyí tí A wà ní ipò Q, ọwọ́ mi sì ti mọ́ òmíràn, nítorí náà à ń lọ díẹ̀díẹ̀. "A ńlá ni àbí a kékeré?" "Kékeré, ẹ̀gbọ́n." Fóònù yí, ó yí, Google sì béèrè lọ́wọ́ ọmọ náà ní Libreville bóyá òun ló ń wọlé ní tòótọ́. Ó tẹ "Oui". Ojú fóònù ṣí ní Kétu. Ìyá Alágbàdo pàtẹ́wọ́. Mo sọ fún ọmọ náà pé kí ó tún yí ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀ padà lálẹ́ ọjọ́ náà, nítorí èmi náà ti mọ̀ ọ́n, kò sì yẹ kí n mọ̀ ọ́n.

Ohun tó ya gbogbo wa lẹ́nu ni àwọn nọ́mbà. Díẹ̀ ló wà lórí síìmù, àwọn tó ti pẹ́. Ìyókù ń sọ̀ kalẹ̀ láti inú àkáǹtì náà bí òǹkà ṣe ń gòkè: Ìyá Oníyàrá, Alága Ọlọ́kọ̀, Àgbẹ̀ Ìlárá, pẹ̀lú àwọn orúkọ tí Ìyá Alágbàdo ò mọ̀ rí, àwọn ọ̀rẹ́ ọmọ wọn ní Gabon. Ọmọ náà bú sẹ́rìn-ín lórí fóònù. Ó ti ń rí àwọn ọlọ́jà Kétu nínú fóònù rẹ̀ tipẹ́, kò mọ bí wọ́n ṣe débẹ̀. Àkáǹtì kan náà ló wà lórí fóònù méjèèjì; ohun tí ìyá bá fi pamọ́ ní Kétu, á dé Libreville. Ohun tó kó wọn sí wàhálà náà ló gba nọ́mbà wọn là.

Àwọn nọ́mbà náà ò sì ṣeé pè bẹ́ẹ̀. Láti ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá ọdún 2024 ni nọ́mbà fóònù ní Benin ti kúrò ní mẹ́jọ di mẹ́wàá, tí 01 wọ iwájú gbogbo wọn. Àwọn tí wọ́n ti fi pamọ́ ṣáájú ìgbà náà kò ní 01, kò sì sẹ́ni tó bá wọn tún un ṣe. Iṣẹ́ tó gba sùúrù ni.

WhatsApp ló dùn mí jù. A kọ nọ́mbà wọn, kóòdù onínọ́mbà mẹ́fà wọlé, mo ní kí wọ́n má sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni tó bá pè wọ́n pé òun ń béèrè rẹ̀, ó ṣí. Ó wá ẹ̀dà tí wọ́n ti fi pamọ́ sí Google, kò rí nǹkan kan. Nígbà tí ọmọ wọn ń gbé e sí i, ó fo ibi tí WhatsApp ti ń béèrè bóyá kí òun máa fi ẹ̀dà ránṣẹ́ síbẹ̀. WhatsApp máa ń ṣe ẹ̀dà tirẹ̀ sínú fóònù lóru, ní nǹkan bí aago méjì, ṣùgbọ́n inú fóònù náà ni ìyẹn wà, ó sì ti bá fọ́máàtì lọ.

Ìgbà náà ni Ìyá Alágbàdo tó sọ ti ohùn ọkọ wọn. Kó tó kú, tí wọ́n bá wà lọ́jà, ó máa ń fi ohùn ránṣẹ́ sí wọn láti ilé, ó máa ń béèrè ìgbà tí wọ́n ń bọ̀, ó máa ń ní kí wọ́n ra ẹja bọ̀. Ó ti ń pẹ́ tí wọ́n ti ń tẹ̀ wọ́n gbọ́ lálẹ́. Wọ́n bi mí bóyá wọ́n lè rí i mú jáde, owó tó bá jẹ́, àwọn á san án.

Òótọ́ ni mo sọ fún wọn. Àwọn fóònù tí wọ́n ń tà pẹ̀lú Android 10 sókè, láti 2019, kóòdù ni gbogbo wọn fi ń ti ohun tó wà nínú wọn. Bí a bá fọ́máàtì, fóònù á pa kóòdù náà rẹ́, ohun tó bá sì ṣẹ́kù nínú rẹ̀ ti di ohun tí ẹ̀dá kankan ò lè kà mọ́. Ẹni tó bá ní òun ní áàpù tó lè dá a padà, owó ló fẹ́ gbà. Mi ò fẹ́ kí wọ́n máa ti ṣọ́ọ̀bù kan dé òmíràn pẹ̀lú ìrètí tí kò sí. Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Wọn ò sunkún níwájú mi.

Àmọ́ ohùn WhatsApp kì í wà níbì kan ṣoṣo. Ohun tí bàbá náà bá fi sí ẹgbẹ́ ìdílé, ó wà lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó wà nínú ẹgbẹ́ náà tí kò tíì nù ún. A pe ọmọ wọn obìnrin ní Pọ́bẹ̀, ó wá a, ó rí mélòó kan: ibi tí bàbá ti ń kí wọn kú ọdún, ibi tó ti ń bá ọmọ-ọmọ rẹ̀ wí nítorí ilé ìwé. Ó fi wọ́n ránṣẹ́. Ti ẹja àti ti "ìgbà wo lẹ ń bọ̀" kò sí nínú wọn, nítorí àárín ọkọ àti ìyàwó nìkan nìyẹn wà. Fóònù tí bàbá ń lò ti bọ́ sọ́wọ́ ìbátan kan lẹ́yìn ikú rẹ̀, wọ́n sì ti fọ́máàtì ìyẹn náà.

Ẹ̀yin tí ẹ ń tún fóònù ṣe, mo bẹ̀ yín nítorí Ọlọ́run. Bó bá jẹ́ pé ọ̀dọ̀ mi ni Ìyá Alágbàdo kọ́kọ́ gbé fóònù wá, ó ṣeé ṣe kí n fọ́máàtì rẹ̀ níkẹyìn. Láti Android 5 ni kò ti sí ọ̀nà láti fi àkáǹtì Google ṣí ìlà tí èèyàn gbàgbé. Lórí àwọn ti àtijọ́ ló wà. Ṣùgbọ́n mi ò ní ṣe é lọ́jọ́ náà. Màá ní kí wọ́n má pa fóònù rárá. Fóònù tí a tì tí a ò pa, áàpù rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́: bí a bá fi sí ṣáájì tí a jẹ́ kó wà lórí Wi-Fi, ẹ̀dà tó yẹ kó lọ sí Google á lọ fún ẹni tó ti ṣètò rẹ̀. Bí a bá pa á tí a tún un tàn, kí a tó fa ìlà náà, àwọn áàpù ò ní rí ohun tí wọ́n ń tọ́jú, ẹ̀dà ò ní lọ mọ́. Màá béèrè ẹni tó ni àkáǹtì, màá sì rí i pé ó ṣì lè wọlé síbẹ̀. Màá yọ mẹ́mọ́rì káàdì. Màá wá ní kí ọmọ náà lọ sùn, kó jẹun, kó tún un gbìyànjú lọ́la, lọ́tùn-únla, nígbà tí ẹnikẹ́ni ò pariwo mọ́ ọn. Ọmọdé máa ń rántí ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ti ṣe. Ní ti ohùn ọkọ wọn, ọ̀nà kan ṣoṣo tó wà nìyẹn, kò sì ná ẹnikẹ́ni ní nǹkan ju sùúrù lọ. Fọ́máàtì kò ní sá lọ. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, á ṣì ṣeé ṣe.

Ẹni tó sì fẹ́ fọ́máàtì fóònù tó ń ṣí dáadáa, bóyá ó fẹ́ tà á tàbí kó fún ọmọ, kó má lo bọ́tìnì. Kó kọ́kọ́ fi ohun tó fẹ́ pamọ́ síbòmíì, kó wọ Paramètres (ibi ìṣètò fóònù), kó yọ àkáǹtì rẹ̀ kúrò, kó wá lọ sí Système, Options de réinitialisation, kó yan Effacer toutes les données (nu gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀), pẹ̀lú fóònù lórí ṣáájì. Orúkọ ibẹ̀ lè yàtọ̀ díẹ̀ láti fóònù dé fóònù. Níbẹ̀ kan náà ló máa ti rí i pé òun lè dá ìṣètò Wi-Fi àti nẹ́tíwọ́ọ̀kì nìkan padà láìpa fọ́tò kankan rẹ́. Ọ̀pọ̀ tó ń bẹ̀ mí kí n fọ́máàtì fóònù wọn, ìyẹn nìkan ni wọ́n nílò. Ẹni tó bá sì rò pé fọ́máàtì á sọ fóònù tó ti gbó di tuntun, kó mọ̀ pé kì í yí ẹ̀yà Android padà sí ti ọjọ́ tó rà á. Bó ṣe rí lẹ́yìn àtúnṣe tó gbà kẹ́yìn ló máa bá a.

Fún Ìyá Alágbàdo, a ṣí àkáǹtì Google tiwọn fúnra wọn, pẹ̀lú nọ́mbà wọn oní-01. Mo kó àwọn nọ́mbà ọlọ́jà sínú rẹ̀, a yọ àkáǹtì ọmọ wọn kúrò lórí fóònù náà, òun náà sì ń yọ àwọn ọlọ́jà Kétu kúrò nínú tirẹ̀. WhatsApp ti ń fi ẹ̀dà ránṣẹ́ síbẹ̀ lóru, àwọn ohùn tó wá láti Pọ́bẹ̀ sì wà lára rẹ̀. Nọ́mbà mẹ́rin la fi ń ṣí fóònù náà báyìí, kò sí ìlà mọ́, ọmọ-ọmọ wọn sì kọ ọ̀rọ̀ aṣínà Google sí ẹ̀yìn ìwé gbèsè. Mo ní kí wọ́n ya ewé yẹn, kí wọ́n lọ fi í pamọ́ sílé, kó má bá wọn dé ọjà. Wọ́n ya á. Fífi 01 síwájú àwọn nọ́mbà àtijọ́ ṣì ń lọ lọ́wọ́. Ọmọ-ọmọ wọn ló ń ṣe é tó bá ti ilé ìwé dé, láti orí lẹ́tà A lọ.